Wọ́n fẹ́ fa fáíbà wọ àdúgbò wa: ṣé ká gbà á?

Ìbéèrè: Ẹ̀njiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé ní àdúgbò wa ní Akóbọ̀, nílùú Ìbàdàn. Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ fa fáíbà, okùn tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, wọ àdúgbò wa, wọ́n ní bí ilé ogún bá ti forúkọ sílẹ̀, àwọn á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹnu àwọn onílé ò kò. Àwọn kan ní dígí ni, pé yóò máa já lójoojúmọ́. Àwọn kan ní yóò máa fa àrá wọlé. Alàgbà kan rán wa létí wáyà tẹlifóònù ìjọ́sí tí àwọn olè hú tà. Ọmọ mi tó wà ní Manchester ní òun ò mọ ohun tí à ń rò sí, pé lọ́dọ̀ àwọn, wọ́n ti fẹ́ pa gbogbo wáyà bàbà tì. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, n kò sì fẹ́ kówó àwọn èèyàn lé ohun tí kò yé mi. Ṣé fáíbà yìí sàn ju wáyà lóòótọ́? Ṣé yóò ṣiṣẹ́ níbi tí iná ò dúró sójú kan? Wọ́n tún ní ká san owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn á bá wa dín in kù.

Màmá, ẹ kú ètò àdúgbò o. Inú mi dùn pé ẹ béèrè kí ẹ tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ fáíbà ni mo ń ṣe jẹun: mo ń fà á, mo ń so ó, mo sì ń wá ibi tó ti já káàkiri Ìbàdàn àti Èkó. Bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ yín, ìbéèrè méjì ló wọnú ara wọn. Ọ̀kan ni pé, nínú fáíbà àti wáyà bàbà, èwo ló dáa jù? Ìkejì ni pé, ohun tí ilé-iṣẹ́ yìí fẹ́ gbé wá, ṣé yóò máa ṣiṣẹ́ fún yín lójoojúmọ́? Ti àkọ́kọ́ kò le rárá: fáíbà dáa ju wáyà bàbà lọ fíìfíì. Ti ìkejì ni iṣẹ́ wà. Fáíbà kì í sábà bàjẹ́ fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ lójú títì, iná tí kò sí, àti òṣìṣẹ́ tí kò tètè wá tún un ṣe, àwọn ló ń sọ ọ́ di ìbànújẹ́ fún ẹni tó sanwó. Àwọn nǹkan mẹ́ta yẹn ló yẹ kí ìpàdé yín dá lé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ dígí.

Dígí ni lóòótọ́, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì gba inú rẹ̀; àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ ò parọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe irú dígí ojú fèrèsé. Bí ẹ bá wo etí dígí fèrèsé, àwọ̀ ewé ló ń yọ níbẹ̀, torí pé irin díẹ̀ wà nínú rẹ̀ tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Títí di nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, bí ìmọ́lẹ̀ bá rin 20 mítà péré nínú dígí, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ló ń kù. Lọ́dún 1966, Charles Kao, ọmọ bíbí Shanghai tó ń ṣiṣẹ́ ní Harlow nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ George Hockham, kọ ọ́ sílẹ̀ pé dígí fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń pa ìmọ́lẹ̀, ìdọ̀tí inú rẹ̀ ni. Nígbà tó di 1970, ilé-iṣẹ́ Corning ní Amẹ́ríkà ti ṣe èyí tó mọ́ tó fún iṣẹ́ náà, Kao sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí ẹ̀ lọ́dún 2009. Fáíbà òde òní mọ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ lè rin nǹkan bí 15 kìlómítà nínú rẹ̀ kó tó ku ìdajì. Láti Akóbọ̀ dé Dùgbẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀.

Wáyà bàbà ò lè ṣe irú ẹ̀. Bó bá ṣe ń gùn sí i ni ohun tó ń gbé ń ṣàárẹ̀ sí i. Íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gba orí wáyà tẹlifóònù, irú ADSL2+, kò lè ju 24 Mbps lọ (Mbps ni wọ́n fi ń wọn bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe yá tó), ẹni tí ilé rẹ̀ bá sì fi kìlómítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin jìnnà sí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kò lè rí ìdajì ìyẹn. Wáyà búlúù tí wọ́n fi ń so kọ̀ǹpútà pọ̀ ní ọ́fíìsì, 100 mítà ni òpin rẹ̀. Fáíbà GPON, èyí tí wọ́n sábà ń fà wọ ilé, lè lọ 20 kìlómítà, ó sì ń gbé nǹkan bí 2,500 Mbps fún àpapọ̀ àwọn ilé tó bá pín in. Àwọn tó ń tà á máa ń sọ pé ìmọ́lẹ̀ ń sáré ju iná inú wáyà lọ, pé ìdí nìyẹn tí fáíbà fi yá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ inú dígí ń rin nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti inú wáyà bàbà ò sì jìnnà sí i. Ọlá fáíbà ni pé ẹrù tó lè gbé lẹ́ẹ̀kan pọ̀ gan-an, ó sì lè gbé e jìnnà láìṣàárẹ̀.

Ó yẹ kí ẹ fi ọ̀rọ̀ pípín yẹn sọ́kàn. Okùn kan láti ọ̀dọ̀ wọn ló ń dé àdúgbò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pín in sí 8, 16 tàbí 32. Bí gbogbo ilé bá ń wo fíìmù lẹ́ẹ̀kan náà lálẹ́, kò ní rí bíi ti aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Kì í sábà jẹ́ wàhálà pẹ̀lú ilé ogún, àyàfi bí ilé-iṣẹ́ náà bá ta ju ohun tí òun fúnra rẹ̀ rà lọ, ìyẹn sì ń ṣẹlẹ̀.

Ṣé ó máa já lójoojúmọ́? Dígí náà, tí a bá bó gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ kúrò, kò nípọn ju irun orí lọ. Mẹ́jọ rẹ̀ tí a tò síra ló máa kún mìlímítà kan. Ṣùgbọ́n wọn kì í fà á ní ìhòòhò. Ike wà lára rẹ̀, òwú líle aláwọ̀ yẹ́lò tó jẹ́ ìbátan èyí tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀wù tí ọta ìbọn kì í wọ̀ máa ń wà yí i ká, ike dúdú wá bò ó níta. Òjò àti oòrùn ò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ohun tí kò fẹ́ ni kí wọ́n ṣẹ́ ẹ ní igun. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ jù lẹ́nu ilẹ̀kùn, tàbí tí káfíńtà kan ìṣó mọ́ ọn, ìmọ́lẹ̀ á máa jò jáde níbẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì á máa lọ á máa bọ̀, onílé á rò pé ilé-iṣẹ́ ló ń yan òun jẹ. Lọ́pọ̀ ilé tí wọ́n ti pè mí, àga ńlá inú pálọ̀ tí wọ́n sún lu ògiri ló tẹ wáyà náà mọ́lẹ̀.

Bó bá já lóòótọ́, a kì í lọ́ ọ pọ̀ bíi wáyà. A ó bó o, a ó fi spirit nù ún, a ó gé ẹnu rẹ̀ kó tẹ́jú, a ó wá gbé ẹnu méjèèjì sínú ẹ̀rọ tó ń fi iná jó wọn pọ̀. Ẹ̀rọ náà lójú kékeré kan tó ń fi wọ́n hàn ní títóbi: ẹ ó rí i tí wọ́n sún mọ́ra, tí iná ṣẹ́ wìn láàárín wọn, tí àlàfo náà sì pa rẹ́. Bí eruku bíńtín bá wà lẹ́nu ọ̀kan, ẹ̀rọ á kọ̀ ọ́, a ó tún gé e, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí wa tí a ká jọ sínú mọ́tò tàbí lábẹ́ tapólì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Wáyà ilé kan kì í gbà ju ìgbà díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n okùn ńlá ojú títì lè ní ẹ̀ka 96 tàbí 144 nínú, ọ̀kọ̀ọ̀kan la ó sì so. Iṣẹ́ òru mọ́jú ni.

Okùn ńlá yẹn gan-an ni katakátá ń gé. Wọ́n ń fẹ títì, wọ́n ń la gọ́tà, wọ́n ń ri páìpù omi, kò sì sí ẹni tó béèrè ohun tó wà nísàlẹ̀ kí wọ́n tó ki irin bọlẹ̀. Èyí tó gba orí òpó ní wàhálà tirẹ̀: tírélà tó ga a máa fà á já, àwọn tó ń sun pàǹtírí lábẹ́ òpó a sì máa jó o. Bó bá já, ẹ̀rọ kan wà tí à ń pè ní OTDR. Ó ń yin ìmọ́lẹ̀ wọnú dígí, ó sì ń ka bó ṣe pẹ́ tó kó tó ta padà, lẹ́yìn náà á sọ iye mítà tó wà láti ibi tí a dúró sí ibi tó ti já. Síbẹ̀, mítà inú wáyà kì í ṣe mítà orí ilẹ̀, torí pé a máa ń ká àjẹṣẹ́kù sí àwọn orí òpó àti inú kòtò. Ilé-iṣẹ́ tó bá kọ ibi tó ká a sí sílẹ̀ á rí ibi tó já láàárín wákàtí kan. Èyí tí kò bá kọ nǹkan kan sílẹ̀ á máa fi ẹsẹ̀ wá a kiri.

Ọ̀rọ̀ olè tí alàgbà yẹn sọ ní ìtumọ̀. Bàbà lówó lórí lọ́dọ̀ àwọn tó ń ra irin àlòkù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi hú wáyà tẹlifóònù láyé ìjọ́sí. Fáíbà ò ní ohun tí wọ́n lè yọ́ tà. Ó dunni pé olè kì í mọ̀ títí yóò fi gé e, nítorí náà ẹ ní kí ilé-iṣẹ́ náà kọ ọ́ gàdàgbà sára òpó àti ideri kòtò pé kò sí bàbà níbẹ̀, kí ẹ sì sọ fún ọlọ́dẹ àdúgbò. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí àṣẹ tó sọ irú àwọn ohun èlò ìbánisọ̀rọ̀ báyìí di dúkìá tí orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Àṣẹ náà dáa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí katakátá bá wọ àdúgbò yín, ẹni tó máa dá a dúró ni onílé tó mọ ibi tí okùn náà gbà. Ẹ gba àwòrán ibi tí wọ́n fẹ́ fà á gbà, kí ẹ sì fi í pamọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́.

Ní ti àrá, dígí kì í gbé iná, nítorí náà kò lè fa àrá wọlé. Wáyà tẹlifóònù oníbàbà ló ń ṣe irú ìyẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ẹ̀rù àwọn tó sọ ọ́ jẹ́ lásán pátápátá: fáíbà tó ń ti orí òpó bọ̀ sára ilé sábà máa ń ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń gbé e dúró. Ìta ilé ni kí wọ́n ti so irin yẹn rọ̀, kí wọ́n gé e kúrò níbẹ̀, kí dígí nìkan wọlé. Ẹ dúró tì wọ́n kí ẹ rí i. Ohun tó ń ba àpótí ONT (àpótí kékeré inú ilé tí fáíbà ń wọ̀, tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di íntánẹ́ẹ̀tì) jẹ́ lọ́dọ̀ wa jù ni iná NEPA tó bá ru gùdù dé, ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì ló sì ń gbà wọlé.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yín ní Manchester ló gbé wa dé ibi tó ṣe pàtàkì jù. Kì í ṣe gbogbo wáyà bàbà ni wọ́n ń pa tì ní Britain; ètò tẹlifóònù ilé ti àtijọ́ ni. Òpin ọdún 2025 ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún un, wọ́n wá sún un sí oṣù kìíní ọdún 2027. Níbi tí fáíbà ò bá tíì dé, wáyà bàbà ṣì ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọlé. Ìdí pàtàkì tí wọ́n fi sún un ni àwọn arúgbó tó ń fi bọ́tìnnì sọ́rùn, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ bí wọ́n bá ṣubú. Tẹlifóònù àtijọ́ kì í lo iná ilé. Láti ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ni iná rẹ̀, nǹkan bí volt 50, ti ń gba inú wáyà bàbà kan náà wá, bátìrì ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀ níbẹ̀. Bí gbogbo àdúgbò bá ṣókùnkùn, yóò ṣì máa dún. Dígí ò lè gbé irú iná bẹ́ẹ̀ wá. Ìdí nìyẹn tí Ofcom, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ níbẹ̀, fi ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ pèsè ọ̀nà tí ẹni tó gbára lé tẹlifóònù ilé yóò fi lè pe ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì fún wákàtí kan, ó kéré tán, bí iná bá lọ. Wákàtí kan. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ní Ìbàdàn, wákàtí kan kì í ṣe ohun tí à ń pè ní iná lọ.

Ẹni tó bá gba fáíbà gbọ́dọ̀ wá iná fún un nílé ara rẹ̀. Kò ṣòro: àpótí ONT àti ráútà kì í sábà jẹ ju wáàtì 20 lọ pọ̀, bátìrì kékeré tí wọ́n ṣe fún ráútà lè gbé e fún wákàtí mélòó kan, inverter tàbí sólà kékeré sì lè gbé e mọ́jú láìnílò jẹnẹrétọ̀. Ní ti ojú ọ̀nà, fáíbà GPON gidi wúlò fún wa ju bó ṣe wúlò fún àwọn ará Manchester lọ. Ohun tó ń pín ìmọ́lẹ̀ ní àdúgbò, splitter, kì í lo iná rárá. Láti ọ́fíìsì wọn títí dé pálọ̀ yín, kò sí ibì kankan láàárín tó nílò iná, bátìrì tàbí epo dísù. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ní iná lọ́dọ̀ wọn, tí ẹ̀yin náà sì ní lọ́dọ̀ yín, ó ń ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń pè ní fáíbà ló rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan máa ń fa dígí dé àpótí kan lórí òpó ẹnu ọ̀nà àdúgbò, wọ́n á wá fi wáyà búlúù oníbàbà fọ́n ọn sí ilé kọ̀ọ̀kan. Àpótí orí òpó yẹn ń lo iná. Bí iná bá lọ lójú òpó, gbogbo ilé ló kúrò lórí afẹ́fẹ́, bí ẹ tilẹ̀ ní sólà tó pé nílé, àrá sì tún rí ọ̀nà gbà wọlé. Bí wọ́n bá dé ìpàdé yín, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí n ó fẹ́ kí ẹ bi wọ́n nìyí: ṣé dígí ló ń wọ yàrá mi, àbí orí òpó ló parí sí? Bí ó bá jẹ́ orí òpó, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn láti san irú owó yẹn.

Àwọn ọ̀nà mìíràn náà ní ọlá tiwọn. Ilé tí èèyàn méjì ń gbé, tí wọn ò ṣe ju WhatsApp àti ìròyìn lọ, ráútà 4G ti tó wọn, kí wọ́n má wulẹ̀ ná owó fífa wáyà. Ibi tí 4G ti ń kùnà ni ilé ọlọ́mọ púpọ̀, ẹni tó ń ti ilé ṣiṣẹ́, ilé tó ní kámẹ́rà ààbò: òpó 4G kan náà ni gbogbo agbègbè ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́, dátà sì ń tán. Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ti orí sátẹ́láìtì wá, tó wọ Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, dáa níbi tí fáíbà ò lè dé, bí ẹ bá níbi tí igi ò ti bo ojú ọ̀run, ṣùgbọ́n owó ẹ̀rọ rẹ̀ kì í ṣe kékeré, iná tó sì ń jẹ ju ti àpótí fáíbà lọ dáadáa. Bó bá jẹ́ ilé mi ni, pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ń kàwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fáíbà ni n ó gbà, n ó sì fi káàdì 4G kékeré kan pamọ́ fún ọjọ́ tó bá já.

Torí ọjọ́ yẹn ń bọ̀, nígbà mìíràn kì í sì ṣe ní Ìbàdàn ló ti máa já. Lọ́jọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun bí i WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire, àwọn báńkì wa dákú, íntánẹ́ẹ̀tì sì dàrú ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ní ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ ló tètè gbérí. Ẹ bi tiyín léèrè bóyá wọ́n ní ọ̀nà kejì, láti Ìbàdàn dé Èkó àti láti Èkó jáde sókè òkun.

Èmi ò lè ti ibí yìí sọ bóyá ilé-iṣẹ́ náà ṣeé gbọ́kàn lé. Ilé-iṣẹ́ kan náà lè máa ṣe dáadáa ní Bódìjà kó máa ṣe ségesège ní Òjóò, torí pé àwọn òṣìṣẹ́ tó wà ní agbègbè ló máa wá bá yín, kì í ṣe orúkọ tó wà lára mọ́tò. Ẹ ní kí wọ́n mú yín lọ sí àdúgbò kan tí wọ́n ti ṣe tẹ́lẹ̀, kí ẹ̀yin sì fúnra yín kan ilẹ̀kùn ilé méjì-mẹ́ta tí wọn ò yàn fún yín. Ẹ má béèrè bó ṣe yá tó. Ẹ béèrè pé nígbà tó já kẹ́yìn, ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi tún un ṣe, àti bóyá wọ́n yọ owó àwọn ọjọ́ náà kúrò.

Owó ọdún kan ńkọ́? Ẹ má san án. Mo mọ̀ pé ẹ̀dínwó náà ń wu àwọn onílé, ilé-iṣẹ́ náà sì ná owó tó pọ̀ kó tó fa okùn dé ọ̀dọ̀ yín, nítorí náà mi ò bínú sí wọn pé wọ́n béèrè. Àmọ́ ẹni tó ti gba owó ọdún kan kì í sáré bíi ẹni tó ń retí owó oṣù tó ń bọ̀. Ẹ san owó fífà á, kí ẹ máa san oṣù kọ̀ọ̀kan fún oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí òjò kan sì rọ̀ kọjá lórí ẹ̀. Bó bá dáa, ẹ lè wá bá wọn sọ̀rọ̀ ọdún kan, ẹ̀dínwó ò ní sá lọ. Kí ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé bó bá já ju iye wákàtí kan tí ẹ jọ fẹnu kò sí lọ, wọn á yọ owó rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá so ó nílé yín, kí wọ́n tó lọ, ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọn wọn ìmọ́lẹ̀ tó dé orí wáyà aláwọ̀ ewé tó ń wọ inú àpótí. Ẹ má fojú wo inú rẹ̀ o, ìmọ́lẹ̀ náà kò ṣeé rí, ó sì lè ba ojú jẹ́. Nọ́ńbà tí wọ́n máa rí máa ní àmì ìyọkúrò níwájú: láàárín -15 sí -25 dBm (ìwọ̀n agbára ìmọ́lẹ̀) dáa, -27 ni ààlà ọ̀pọ̀ àpótí. Bó bá ti sún mọ́ -27 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n tún un so, torí pé bí ọ̀rinrin àti eruku bá dé sí i díẹ̀, yóò kú. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sórí ìwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn àpótí. Bí iná pupa LOS, èyí tó ń sọ pé ìmọ́lẹ̀ ò wọlé mọ́, bá tàn lọ́jọ́ kan, ẹni tó bá wá tún un ṣe máa fi ìyẹn mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bóyá inú ilé yín ni kó ti bẹ̀rẹ̀ sí wá a tàbí ojú títì.